Òṣùwọ̀n Kan Náà Kọ́: Okoye, Àjàyí àti Àkọsílẹ̀ Àwọn Agbébọ́ọ̀lù-sáré ní Yunifásítì Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ẹni méjì wéra kò gbọdọ̀ gbàgbé òwe yìí. Iye aṣọ tí ó wà lára okùn kò sọ iye ọdún tí olówó rẹ̀ ti ń dá aṣọ, kò sì sọ irú ọjà tí ó ti ń rà á.

Nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, ìbéèrè tí ó máa ń jẹ yọ nínú ìdánwò lemọ́lemọ́ ni èyí tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹni kan wé ẹni kejì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni í gbà pé bí òun bá ti ka iye nǹkan tí olúkúlùkù ṣe, iṣẹ́ ti parí, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù ni ó borí. Àléébù ọ̀nà yìí máa ń pamọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dá lórí ọba tàbí ogun, nítorí pé iye wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dánilójú. Ṣùgbọ́n pápá kan wà tí wọ́n ti ń fi ìwọ̀n wọn gbogbo ìṣísẹ̀ tí ènìyàn gbé, tí ìjà lórí ẹni tí ó ta yọ kò sì tán síbẹ̀. Pápá náà ni ti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbá. Ọ̀rọ̀ náà kan ilé pẹ̀lú, nítorí pé ọkùnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ Nàìjíríà wà nínú àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ náà.

Eré náà àti ohun tí wọ́n ń wọ̀n

Bọ́ọ̀lù yìí yàtọ̀ sí èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá. Ènìyàn 11 ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Gígùn pápá láti ìlà ìparí kan dé èkejì jẹ́ 100 yáàdì. Ìgbà mẹ́rin ni ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti fi gba ilẹ̀ 10 yáàdì ó kéré tán. Bí ó bá gbà á, a ó fún un ní ìgbà mẹ́rin mìíràn. Bí kò bá gbà á, bọ́ọ̀lù di ti ọ̀tá. Ẹni tí ó bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ìparí ti gba àmì 6 fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n fi ń gba ilẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ọ̀gá eré ju bọ́ọ̀lù sí ẹnìkan tí yóò hán an níwájú. Èkejì ni kí ó fi í lé ọwọ́ agbébọ́ọ̀lù-sáré, kí onítọ̀hún fi àyà rẹ̀ la àárín àwọn ọ̀tá kọjá títí wọn yóò fi wó o lulẹ̀. Ibi tí ó bá ṣubú sí ni akọ̀wé yóò ti wọn iye yáàdì tí ó gbà. Bí wọ́n bá dá a padà sẹ́yìn ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀, wọn yóò yọ iye náà kúrò nínú tirẹ̀. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ tí ó wọ ẹgbẹ́ yunifásítì rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ó jáde, ni wọ́n ń pè ní àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ eré náà lè fi ojú ilé wò ó. Ẹni tí ó gba 3,796 yáàdì ti gba ilẹ̀ tí ó tó kìlómítà mẹ́ta àti ààbọ̀. Bí ènìyàn bá dúró ní oríta Ajah, tí ó kọjú sí Ẹ̀pẹ́, tí ó rin kìlómítà mẹ́ta àti ààbọ̀, kò tíì rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n kí ó rò ó wò pé ní gbogbo yáàdì márùn-ún tàbí mẹ́fà, ọkùnrin alágbára kan tàbí méjì yóò gbé òun ṣánlẹ̀, òun yóò sì dìde láti tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni yóò mọ ohun tí iye náà túmọ̀ sí.

Christian Okoye

Ìlú Enugu ni wọ́n bí Christian Okoye sí ní ọdún 1961. Kì í ṣe eré bọ́ọ̀lù ni ó gbé e dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1982, bí kò ṣe eré orí pápá, pàápàá jíju àwo. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kékeré kan tí àwọn onígbàgbọ́ dá sílẹ̀ ní California, Azusa Pacific, ni ó lọ. Ó gba ipò kìíní níbẹ̀ léraléra nínú ìdíje jíju nǹkan láàrin àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké. Nígbà tí wọn kò yàn án sínú ikọ̀ Nàìjíríà fún ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1984 ní Los Angeles, ó yí ojú sí bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé. Ó ti di ẹni ọdún 23 nígbà náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó bá lórí pápá ti ń gbá eré náà láti kékeré.

Sáà mẹ́ta ni ó fi gbá a, láti 1984 sí 1986. Ní sáà tí ó kẹ́yìn, ó gba 1,680 yáàdì nínú eré 9, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 187 yáàdì nínú eré kọ̀ọ̀kan. Àròpọ̀ gbogbo tirẹ̀ jẹ́ 3,569 yáàdì, ó sì gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ìparí ní ìgbà 34. Ní ọdún 1987, ẹgbẹ́ Kansas City Chiefs mú un ní ipò 35 nínú gbogbo àwọn tí àwọn ẹgbẹ́ eléré-owó yàn. Ní 1989, ó gba 1,480 yáàdì. Kò sì sí ẹlòmíràn tí ó gbà tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo líìgì náà ní ọdún yẹn.

Jay Àjàyí

London ni wọ́n bí Jay Àjàyí sí ní ọdún 1993, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Orúkọ ìdílé rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Yorùbá: orúkọ àmútọ̀runwá ni, ti ọmọ tí ó dojú délẹ̀ nígbà ìbí. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 2000. Ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí eré yìí ti dà bí ẹ̀sìn, ni ó ti ka ìwé girama. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Yunifásítì Boise State ní ìpínlẹ̀ Idaho.

Kò gbá eré kankan ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, 2011. Ọdún náà gan-an ni orúnkún rẹ̀ fara pa. Lẹ́yìn èyí ni ó gbá sáà mẹ́ta: 548 yáàdì ní 2012, 1,425 ní 2013, àti 1,823 ní 2014. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,796, ó sì fi ẹsẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ìparí ní ìgbà 50. Ní sáà 2014 kan náà, ó hán bọ́ọ̀lù ní ìgbà 50, ó sì fi èyí gba 535 yáàdì mìíràn. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní ìpele gíga jù lọ nínú eré yunifásítì tí ó fi eré sísá gba ju 1,800 yáàdì lọ, tí ó sì fi híhán gba ju 500 lọ nínú sáà kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ Miami Dolphins mú un ní ipò 149 ní ọdún 2015. Ní oṣù Kejì ọdún 2018 ó wà nínú ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles tí ó gba ife ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ nínú eré náà.

Ìfiwéra àwọn méjèèjì

Bí a bá gbé iye wọn ka ẹ̀gbẹ́ ara wọn, Àjàyí fi 227 yáàdì ju Okoye lọ. Sáà mẹ́ta ni olúkúlùkù gbá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń kánjú yóò kọ ọ́ pé Àjàyí ni ó borí, yóò sì ṣí ojú ìwé. Ṣùgbọ́n sáà kò dọ́gba pẹ̀lú sáà. Eré 9 ni Okoye gbá ní 1986. Eré 14 ni ẹgbẹ́ Àjàyí gbá ní 2014. Bí a bá pín 1,823 sí ọ̀nà 14, ohun tí ó kan eré kọ̀ọ̀kan jẹ́ 130 yáàdì. Lójú òṣùwọ̀n yìí, Okoye ni ó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ta Àjàyí yọ.

Ẹjọ́ kò tíì parí níbẹ̀. Ta ni wọ́n ń bá figagbága? Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ NAIA ni Okoye ń kojú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń gbìyànjú láti wó o lulẹ̀ kò tó o ní ìwọ̀n ara, nítorí pé òun nìkan ju 250 pọ́n-ùn lọ. Ní ti Àjàyí, àwọn yunifásítì ńláńlá tí wọ́n ń fi owó ìrànwọ́ kó ọ̀dọ́ jọ láti gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ń kojú. Yáàdì kan níhìn-ín àti yáàdì kan lọ́hùn-ún gùn bákan náà, ṣùgbọ́n wọn kò wúwo bákan náà.

Ẹni tí ó bá ń gbèjà Okoye lè dáhùn pé iṣẹ́ tí ó ṣe láàrin àwọn eléré-owó ti fi hàn pé kì í ṣe àìlera ọ̀tá nìkan ni ó gbé e lékè. Ìdáhùn náà lágbára. Síbẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1989 ni a ń fi ṣe ẹ̀rí fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1986. Ẹ̀rí tí ó ti iwájú wá lè fi agbára ènìyàn hàn. Kò lè sọ bí iṣẹ́ kan pàtó ti le tó ní ọjọ́ tí ó ṣe é. Bákan náà, 50 ìgbà tí Àjàyí hán bọ́ọ̀lù kò sí nínú 3,796, nítorí pé eré sísá nìkan ni ìwé yẹn ń ka. Òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohun tí ó ń fi sílẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rí jẹ́ kí a lè sọ kò ju èyí lọ: Okoye ni ó gba ilẹ̀ jù nínú eré kan sí èkejì ní sáà tí ó dára jù fún un, láàrin ọ̀tá tí kò le tó ti ẹnìkejì, Àjàyí ni ó gbà jù ní àpapọ̀, láàrin ọ̀tá tí ó le, pẹ̀lú eré tí ó pọ̀ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ èyí ti dáhùn ìbéèrè. Ẹni tí ó bá kọ orúkọ kan ṣoṣo ti dá ẹjọ́ lẹ́yìn tí ó gbọ́ ẹnu ẹnìkan. Àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Awuyewuye Dayne àti Pumphrey

Bí ọ̀rọ̀ ti rí láàrin ọmọ Nàìjíríà méjèèjì yìí, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní òkè téńté ìwé àkọsílẹ̀ náà. Ed Marinaro ti Yunifásítì Cornell gbá eré láti 1969 sí 1971. Nígbà náà, òfin kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní bá ẹgbẹ́ àgbà gbá bọ́ọ̀lù. Nínú eré 27 péré ni ó ti gba 4,715 yáàdì, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 175 nínú eré kọ̀ọ̀kan. Ní 1972 ni wọ́n yí òfin náà padà, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gbá ọdún mẹ́rin. Tony Dorsett ti Pittsburgh wọlé ní 1973, ó jáde ní 1976 pẹ̀lú 6,082. Àkọsílẹ̀ náà dúró fún ọdún 22 kí Ricky Williams ti Texas tó kọjá rẹ̀ ní 1998 pẹ̀lú 6,279. Ọdún kan péré ni Williams jẹ oyè náà. Ní 1999, Ron Dayne ti Wisconsin parí pẹ̀lú 6,397.

Ọ̀rọ̀ kan fara pamọ́ sínú iye wọ̀nyí. Lẹ́yìn tí sáà bá parí, àwọn ẹgbẹ́ tí ó ṣe dáadáa máa ń gbá eré àlékún kan tí wọ́n ń pè ní Bowl. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ènì ni NCAA, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣàkóso eré náà, ka eré àlékún yìí sí. Wọn kò ro yáàdì tí ènìyàn bá gbà nínú rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Ní 2002, wọ́n pinnu pé láti ìgbà náà lọ, wọn yóò máa rò ó mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wọn kò padà sẹ́yìn láti tún ti àwọn tí ó ti gbá ṣáájú ṣe.

Èso ìpinnu yìí yọ ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ní ọjọ́ náà, Donnel Pumphrey ti San Diego State gbá eré Bowl pẹ̀lú ẹgbẹ́ Houston ní Las Vegas. Inú eré náà gan-an ni ó ti kọjá Dayne, ó sì parí pẹ̀lú 6,405: yáàdì 8 péré ni ó fi ju ú lọ. Dayne ti gbá eré Bowl mẹ́rin ní ayé tirẹ̀, ó sì gba 728 yáàdì nínú wọn. Bí wọ́n bá rò ó mọ́ tirẹ̀ bí wọ́n ti rò ó mọ́ ti Pumphrey, 7,125 ni ìbá jẹ́, kò sì sí ẹni tí ó tíì súnmọ́ ọn. Yàtọ̀ sí èyí, eré 54 ni Pumphrey gbá; eré 43 ni wọ́n kà fún Dayne.

Ẹni tí ó bá ti ra gàrí ní ọjà Ajah tàbí ọjà mìíràn mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí. Kóńgò kan náà ni wọ́n fi wọn gàrí fún oníbàárà méjì. Wọ́n fi ọwọ́ gbá orí kóńgò ti ẹni àkọ́kọ́ dọ́gba. Wọ́n jẹ́ kí ti ẹnìkejì yọ òkìtì. Nígbà tí ẹnìkejì dé ilé tí ó sì rí i pé tòun fi ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ pọ̀ jù, kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò jalè. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti Pumphrey, tí ó ṣe iṣẹ́ tí òfin ìgbà rẹ̀ là kalẹ̀ fún un, tí ó sì fi ara tí kò tóbi gba ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó yí ọ̀nà ìwọ̀n padà láìtún ìwé àtijọ́ ṣe ni wọ́n sọ òṣùwọ̀n kan di méjì.

Ẹ̀kọ́ fún ìtàn ilé

Kí ni èyí fi kan ẹni tí ó ń kọ́ ìtàn Yorùbá? Ó kàn án púpọ̀. A lè mú àpẹẹrẹ wá láti Èkó àti etíkun Lẹ́kìí. Akíntóyè jọba ní Èkó ní 1841. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé e kúrò lórí oyè. Ní òpin ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ojú omi lé Kòsọ́kọ́, Akíntóyè sì padà jọba títí ó fi wàjà ní 1853. Bí a bá ro ọdún méjèèjì tí Akíntóyè jẹ oyè pọ̀, ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Ti Kòsọ́kọ́ náà tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkàye yóò ní wọ́n dọ́gba.

Ṣùgbọ́n Kòsọ́kọ́ kò di aláìlágbára nígbà tí ó kúrò ní Èkó. Ẹ̀pẹ́ ni ó lọ pẹ̀lú àwọn ìjòyè àti ọmọ ogun rẹ̀. Nínú àdéhùn tí òun àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Ẹ̀pẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, ó gbà láti fi Èkó sílẹ̀, wọ́n sì gbà pé Palma, èbúté kan ní etíkun ìhà Lẹ́kìí, jẹ́ tirẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń ṣòwò, tí ó sì ń pàṣẹ, títí ó fi padà sí Èkó ní 1862. Ọdún wọ̀nyí kò sí nínú ìwé tí ó ka ọba Èkó nìkan. Bí eré Bowl ti rí fún Dayne ni Ẹ̀pẹ́ rí fún Kòsọ́kọ́: ó ṣe iṣẹ́ níbẹ̀, gbogbo ènìyàn rí i, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìkàye kò ní àyè fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bí ìlú méjì bá ń fi iye ọba wọn wéra. Ìlú kan ń ka adelé mọ́ ọba, èkejì kò kà á. Ọ̀kan ń ka ẹni tí ó jẹ lẹ́ẹ̀mejì ní ẹ̀ẹ̀mejì, èkejì ń kà á ní ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tí kò bá béèrè bí wọ́n ti kà á yóò fi àgbà fún ẹni tí kì í ṣe àgbà.

Ohun tí ó wà nínú ewu níhìn-ín ju máàkì ìdánwò lọ. Iyì ènìyàn ni. Láti Lẹ́kìí dé Ajah, ẹni tí ó ra plọ́ọ̀tì kan nínú àbàtà àti ẹni tí ó ra plọ́ọ̀tì kan lórí ilẹ̀ gbígbẹ lè ní ìwé tí iye ẹsẹ̀ bàtà inú rẹ̀ dọ́gba. Ìwé kì í purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn yóò fi ọdún púpọ̀ da yanrìn kí ó tó lè fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Bí ẹni tí ó wá lẹ́yìn bá ka ìwé méjèèjì láìwo ilẹ̀, yóò gbójú fo làálàá ẹni tí ó da yanrìn. Ìtàn tí ó ń ka iye láìwo ilẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Ìgúnlẹ̀

Ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ kí olùkọ́ fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kí ó tó gba iye méjì ní dídọ́gba tàbí ní yíyàtọ̀. Èkíní, ọdún mélòó tàbí ìgbà mélòó ni olúkúlùkù ní láti fi ṣiṣẹ́? Marinaro ní mẹ́ta, Dorsett ní mẹ́rin. Èkejì, ta ni ó ń kojú? Ọ̀tá Okoye kì í ṣe ọ̀tá Àjàyí. Ẹ̀kẹta, kí ni wọ́n kà, kí sì ni wọ́n fi sílẹ̀? Híhán Àjàyí àti ọdún Ẹ̀pẹ́ ti Kòsọ́kọ́ wà lẹ́yìn ìlà. Ẹ̀kẹrin, ǹjẹ́ wọ́n yí ọ̀nà ìkàye padà láàrin ìgbà ẹni kìíní àti ìgbà ẹnìkejì? Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba oyè lọ́wọ́ Dayne láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sáré kọjá rẹ̀.

Kò yẹ kí a torí èyí sọ pé ìfiwéra kò ṣeé ṣe, tàbí pé iye kò wúlò. Láìsí iye, ariwo ẹnu nìkan ni yóò kù. Ilé-ẹ̀kọ́ Azusa Pacific pa ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ rẹ́ ní ọdún 2020. Kò sí ẹni tí yóò tún gbé bọ́ọ̀lù sáré níbẹ̀ bí ọmọ Enugu tí ó fi 3,569 sílẹ̀ ti ṣe. Nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni ó fi ṣeé fi wé ti ọmọ Àjàyí lónìí. Iṣẹ́ akọ̀wé ni láti ka iye kí ó sì pé. Iṣẹ́ òpìtàn ni láti sọ irú ilẹ̀ tí wọ́n ti kà á.